Ẹni Tí Ó Tú Ẹran Rẹ̀ Sílẹ̀ Lóru: Ta Ni Yóò San Ohun Olóhun Tí Ẹ̀rọ Ń Júwe Fún Wa?

  



Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ wa ní kí n sọ ní ọdún yìí lè ṣe àjèjì létí àwọn kan. A mọ ìwáàsù lórí sàká, a mọ̀ ọ́n lórí ẹ̀tọ́ òbí, a mọ̀ ọ́n lórí òfófó. Ta ni ó ti gbọ́ ìwáàsù lórí ẹ̀rọ tí ó ń yan fídíò fún ènìyàn? Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ dúkìá ni, kò sì sí ẹni tí ó jókòó níhìn-ín tí fóònù rẹ̀ kò ní bá a dá sí ọ̀rọ̀ náà lálẹ́ òní, láàárín ìṣínu àti sààrì.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹsẹ̀ wa wà. Àwa Yorùbá tí a fi Zazzau ṣe ilé mọ̀ pé ìlú ìwé ni ìlú yìí. Nínú Birnin, nínú odi tí ìtàn so mọ́ orúkọ Ọbabìnrin Amina, ìran lẹ́yìn ìran ni àwọn Málàm fi ń jókòó sí zaure, ìyẹn ọ̀dẹ̀dẹ̀ àbáwọlé ilé wọn, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ìwé lé orí ẹsẹ̀ tí wọ́n sì ń dà á kọ. Kò sí ẹni tí ó pe àdàkọ yẹn ní olè. Kí ni ìdí? Ìdí ni pé ẹni tí ó da ìwé kọ a tún kà á sí etí Málàm rẹ̀, Málàm a sì fún un ní ìjáàsà, ìyẹn àṣẹ láti fi ìwé náà kọ́ ẹlòmíràn, pẹ̀lú orúkọ àwọn tí ìwé náà ti ọwọ́ wọn kọjá títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó kọ ọ́. Àdàkọ wà, ṣùgbọ́n àṣẹ wà níbẹ̀, orúkọ sì wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ méjì yìí sọ́kàn: àṣẹ àti orúkọ.

Nígbà tí ó yá, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé. Ní ọdún 1945 ni wọ́n dá Gaskiya Corporation sílẹ̀ ní Zaria níhìn-ín. Lẹ́yìn ìwé ni kásẹ́ẹ̀tì. Tafsíìrì Ràmàdáánì tí Sheikh Abubakar Mahmud Gumi, ẹni tí ó kú ní ọdún 1992, máa ń ṣe ní Mọ́sáláṣí Sultan Bello ní Kaduna, rédíò àti kásẹ́ẹ̀tì ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò lè dé Kaduna. Ẹ̀yin tí irun yín ti ń funfun rántí bí a ṣe ń ki kásẹ́ẹ̀tì méjì bọ inú ẹ̀rọ kan kí ọ̀kan lè gba ohùn èkejì. Lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì ni àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí wọ́n ń kó fíìmù, orin àti wa'azi sínú mẹ́mórì fóònù fún owó táṣẹ́rẹ́. Kò sí ọjà ńlá kan ní Àríwá tí a kò ti rí wọn. Bí wọn kò bá gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni iṣẹ́, ohun tí wọ́n ń ṣe kò tọ́, èmi kò sì ní dáàbò bò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan: ọmọ yẹn jókòó, ó ń dúró dè ọ́ ni. Bí o kò bá béèrè, kò ní fún ọ. Bí o bá kọjá lọ, kò ní tẹ̀lé ọ délé.

Ẹ̀rọ tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í dúró deni. Nígbà tí o bá ṣí YouTube, Facebook tàbí TikTok, ọ̀pọ̀ ohun tí o kọ́kọ́ rí kì í ṣe ohun tí o béèrè. Ẹ̀rọ ti ka iye ìṣẹ́jú tí o fi wo fídíò ti àná, ó ti mọ ibi tí o ti dá a dúró, èyí tí o fò, àti èyí tí o fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ. Ó ti fi ọ́ wé ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ìwà wọn jọ tìrẹ. Ó wá ṣe ìṣirò: nínú gbogbo ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, èwo ni yóò dá ẹni yìí dúró pẹ́ jù lọ? Èyí náà ni yóò gbé síwájú rẹ, kí ó sì tó parí, òmíràn ti wà ní sẹpẹ́. Bí o bá ṣe ń pẹ́ tó ni ìpolówó ọjà ṣe ń kọjá lójú rẹ tó, owó ilé-iṣẹ́ náà sì ni ìpolówó yẹn. Ìlànà ìṣirò yìí ni wọ́n ń pè ní algorithm. Ó yẹ kí Mùsùlùmí mọ̀ pé ara orúkọ Muhammad ibn Musa al-Khwarizmi, onímọ̀ ìṣirò tí ó gbé ní Bagdad ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, ni wọ́n ti fa ọ̀rọ̀ náà yọ. Apá kan tí ó gbòòrò nínú ìwé rẹ̀ lórí al-jabr, bí a ṣe lè pín ogún fún àwọn ajogún ni ó dá lé. A óò padà sórí ọ̀rọ̀ ogún láìpẹ́.

Wàyí o, ẹ bá mi ro ọ̀ràn yìí. Alfa kan ṣe ìwáàsù fún wákàtí kan ààbọ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ra kámẹ́rà, wọ́n san owó fún ẹni tí ó yà á, wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ojú-ewé wọn. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ẹnìkan tí kò bá wọn tan rárá gba fídíò náà, ó gé ibi tí orúkọ ẹgbẹ́ wà kúrò, ó gé e sí ìṣẹ́jú mẹ́rin mẹ́rin, ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àkọlé tí ó ń dẹ́rù bani, ó sì gbé e sí ojú-ewé tirẹ̀ pẹ̀lú ìpolówó. Ẹ̀rọ rí i pé àwọn ènìyàn ń wo ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn dé òpin. Ó wá ń gbé e síwájú àwọn ará Zaria, Ìlọrin, Kútọnu àti London. Ti ẹgbẹ́ tí ó ni iṣẹ́ wà nísàlẹ̀, kò sí ẹni tí ó rí i. Ọwọ́ ta ni ẹ̀bi wà?

Kí a tó dáhùn, ẹnìkan lè béèrè bóyá dúkìá tilẹ̀ ni ìwáàsù, nígbà tí ìmọ̀ jẹ́ ti Ọlọ́hun. Ìbéèrè àgbà ni. Ní oṣù kejìlá ọdún 1988, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ fíkìhì tí ó wà lábẹ́ àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí pàdé ní Kuwait, wọ́n sì pinnu pé ẹ̀tọ́ ẹni tí ó kọ ìwé àti ti ẹni tí ó dá nǹkan sílẹ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́ tí ṣàríà mọ̀, tí ó níye lórí bí owó ṣe níye lórí, tí kò sì tọ́ fún ẹnikẹ́ni láti fọwọ́ kàn án láìgba àṣẹ. Ti Ọlọ́hun ni ìmọ̀, lóòótọ́. Ti Ọlọ́hun náà ni ilẹ̀ àti òjò, síbẹ̀ ẹni tí ó kọ ebè ni ó ni iṣu. Bí Alfa bá fi ìwáàsù rẹ̀ sílẹ̀ fún aráyé lọ́fẹ̀ẹ́, ó ti ṣe rere, Ọlọ́hun yóò san án fún un. Ìyẹn kò wá túmọ̀ sí pé àlejò lè pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ kí ó sì máa fi ohùn rẹ̀ gba owó ìpolówó ọtí.

Ó yá, ẹ̀bi ta ni? Àwọn onímọ̀ fíkìhì pín ẹni tí ó ba ohun olóhun jẹ́ sí oríṣi méjì. Èkíní ni mubāshir, ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Èkejì ni mutasabbib, ẹni tí ó ṣe okùnfà rẹ̀. Ìlànà tí a rí nínú Majalla, àkójọ òfin tí ìjọba Ottoman ṣe ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni pé bí àwọn méjèèjì bá pàdé lórí ọ̀ràn kan, ẹni tí ó fọwọ́ ṣe é ni ẹ̀bi yóò wà lọ́rùn rẹ̀. Okùnfà kò ní san nǹkan àfi bí ó bá mọ̀ọ́mọ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, ẹni tí ó gé fídíò ni mubāshir. Olè ni, kò sí àríyànjiyàn. Ìlànà yìí gan-an ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá dì mú, bí wọn kò tilẹ̀ mọ Majalla: wọ́n ní àwa kàn pèsè ibi ìpàtẹ ni, ẹni tí ó pàtẹ ohun jíjí ni kí ẹ mú. Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, wọ́n ti bọ́.

Ṣùgbọ́n ibi ìpàtẹ kì í rìn. Ẹ̀rọ yìí ń rìn. Ó ń jáde kúrò ní ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni ín, ó ń wọ ilé wa, ó ń yan, ó ń gbé nǹkan síwájú ènìyàn. Èyí tí ó sún mọ́ ọn jù lọ nínú fíkìhì ni ẹran ọ̀sìn. Kò ní ọpọlọ ẹ̀dá ènìyàn, kò mọ haláálì yàtọ̀ sí hàráámù, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ń rìn, ó ń jẹ, ó sì ní olówó. Àwa tí a ń gbé ilẹ̀ tí oko àti màlúù ti ń forí gbárí kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wa ohun tí ẹran tí a tú sílẹ̀ lè fi ojú oko rí.

Nínú Súúrátùl Ànbiyáà, āyah 78 àti 79, Ọlọ́hun sọ nípa Ànábì Dáúdà àti Ànábì Sùlèmánù nígbà tí wọ́n ń ṣe ìdájọ́ lórí oko tí àgùntàn àwọn kan wọ̀ lóru. Àwọn olùtumọ̀ Àlùkùránì ṣàlàyé pé Dáúdà dájọ́ pé kí àwọn àgùntàn di ti olóko. Sùlèmánù rí ọ̀nà mìíràn: kí olóko gba àwọn àgùntàn sọ́dọ̀, kí ó máa jẹ àǹfààní wàrà àti irun wọn, kí olówó ẹran sì máa tún oko náà ṣe títí yóò fi rí bí ó ti wà; lẹ́yìn náà kí oníkálukú gba ohun tirẹ̀. Ọlọ́hun sọ pé Òun ni Ó fi òye ọ̀rọ̀ náà yé Sùlèmánù, Ó sì tún sọ pé àwọn méjèèjì ni Òun fún ní ìmọ̀ àti ọgbọ́n ìdájọ́. Ẹ wo bí ìdájọ́ Sùlèmánù ti lọ: olówó ẹran kò pàdánù ẹran rẹ̀, ṣùgbọ́n èrè ara ẹran yẹn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ títí tí ìbàjẹ́ fi tún ṣe.

Ìmáàmù Màlíkì, tí mọ́síábù rẹ̀ ni ti àwa àti ti àwọn ará Zazzau papọ̀, gba ìtàn mìíràn wá nínú Muwatta. Ràkúnmí al-Bara' ọmọ Azib wọ inú ọgbà àwọn ènìyàn kan, ó sì bà á jẹ́. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) dájọ́ pé olóko ni yóò máa ṣọ́ oko rẹ̀ ní ọ̀sán, ṣùgbọ́n ohun tí ẹran bá bàjẹ́ lóru, ọrùn olówó ẹran ni. Kí ni ó fa ìyàtọ̀? Ní ọ̀sán, olóko wà lójúfò. Lóru, ó ń sùn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni láti sùn. Ẹni tí ó lè so ẹran mọ́lẹ̀ ni kí ó so ó.

Ní ayé kásẹ́ẹ̀tì, ọ̀sán ni. Ẹni tí ó ni iṣẹ́ lè rìn yíká ọjà, kí ó rí ẹni tí ó ń tà á, kí ó mú un lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òru ni gbogbo wákàtí. Ẹ̀rọ ń gbé nǹkan síwájú ẹnìkan yàtọ̀ sí ohun tí ó gbé síwájú ẹnìkejì, nítorí náà ẹni tí ó ni iṣẹ́ kò lè rí ohun tí ó wà lójú fóònù rẹ. Ta ni ó ní fìtílà? Olówó ẹran nìkan ni. Láti ọdún 2007 ni YouTube ti ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Content ID, tí ó lè fi ohùn tàbí àwòrán dá iṣẹ́ mọ̀ kí ó sì mú un. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń fún ní àǹfààní rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó ní iṣẹ́ púpọ̀ ni ó wà fún jù lọ. Alfa abúlé yóò kọ ìwé ẹ̀sùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Màlíkì tún sọ nínú ìwé kan náà pé ẹni tí ó ń fa ẹran lókùn, ẹni tí ó ń dà á láti ẹ̀yìn, àti ẹni tí ó gùn ún, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò san ohun tí ó bá bàjẹ́, àfi bí ẹran bá ta ìpá láìjẹ́ pé ẹnìkan ṣe ohun kan sí i. Ẹ̀bùn ńlá ni ọ̀rọ̀ yìí fún wa. Hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá sọ pé ìpalára ẹran tí kò lè sọ̀rọ̀ kò ní owó ẹ̀san. Ṣùgbọ́n Màlíkì fi ojú wa mọ ibi tí ìdáríjì yẹn pin sí: níbi tí okùn bá ti wà lọ́wọ́ ènìyàn, kò lè sọ pé ẹran ni. Ilé-iṣẹ́ tí ó kọ ìlànà ẹ̀rọ, tí ó ń tún un ṣe, tí ó pinnu pé ìṣẹ́jú tí ènìyàn fi wò ó ni òṣùwọ̀n, ọwọ́ rẹ̀ ni okùn wà.

Ẹ tún wo ti owó. Àṣà ọjà ẹran ni pé dillali, ẹni tí àwa ń pè ní alárinà, dúró láàárín ẹni tí ó ń tà àti ẹni tí ó ń rà, wọ́n sì ń san la'ada fún un. (Àwọn ọmọ wa máa ń da la'ada pọ̀ mọ́ lada. La'ada ni owó alárinà, lada ni ẹ̀san tí a ń retí lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Ó ṣeé ṣe kí ènìyàn gba ọ̀kan kí ó sì pàdánù èkejì.) Ohun tí la'ada fi tọ́ sí i ni pé ó mọ ẹni tí ó mú ẹran wá, bí ẹran bá jẹ́ jíjí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ lọ. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń gba owó lórí gbogbo fídíò tí ó júwe, tí ó sì sọ pé òun kò mọ ẹni tí ó mú un wá, la'ada ni ó fẹ́ láìṣe iṣẹ́ dillali. Súúrátùn Nísáù, āyah 85, sì ti jẹ́ kí a mọ̀ pé ẹni tí ó bá ṣe alágbàwí ohun rere ní ìpín nínú rẹ̀, ẹni tí ó bá ṣe alágbàwí ohun búburú náà yóò ru nínú ẹrù rẹ̀. Kí ni júwejúwe bí kò ṣe alágbàwí?

Àwọn adájọ́ ayé ń jà lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ìdájọ́ wọn kò sì dọ́gba. Frank Peterson, ará Jámánì kan tí ó ń ṣe agbátẹrù orin, pe Google àti YouTube lẹ́jọ́ lórí àwọn orin Sarah Brightman tí àwọn ènìyàn gbé síbẹ̀ láìgba àṣẹ. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 2021, ilé-ẹjọ́ àpapọ̀ Yúróòpù tí ó wà ní Luxembourg sọ pé bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń júwe fídíò fún ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ohun tí ẹni náà fẹ́ràn, ìyẹn nìkan kò tó láti sọ pé ó mọ̀ pé fídíò kan pàtó jẹ́ jíjí. Òfin àtijọ́ ni wọ́n fi dá ẹjọ́ yẹn. Òfin tuntun tí Yúróòpù ṣe ní ọdún 2019 ti ní kí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sapá láti gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́.

Ní Ṣáínà, wọ́n gba ọ̀nà mìíràn. Ilé-iṣẹ́ iQiyi pe ByteDance lẹ́jọ́ ní ilé-ẹjọ́ Haidian ní Beijing, nítorí pé Toutiao ń júwe ègé eré Yanxi Palace, tí ó jáde ní ọdún 2018, fún àwọn tí ń lò ó. Ilé-ẹjọ́ dá iQiyi láre. Wọ́n ní kí ByteDance san mílíọ̀nù 1.5 owó yuan, kí ó sì fi ẹgbẹ̀rún 500 lé e fún ìnáwó ẹjọ́. Èrò wọn ni pé ẹni tí ó ń fi ìjúwe jẹ èrè ju ẹni tí ó kàn tọ́jú nǹkan lọ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ju onítọ̀hún lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ kan ní Xi'an tún ní kí Douyin, tí í ṣe ti ByteDance kan náà, san ju mílíọ̀nù 32 yuan fún Tencent lórí eré mìíràn.

Ti Amẹ́ríkà gùn, mo sì fẹ́ kúrú. Òfin wọn ti ọdún 1998 dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀, tí ó sì ń yọ nǹkan kúrò bí wọ́n bá ti sọ fún un. Ààbò náà ń bọ́ bí ó bá ń jẹ èrè tààrà lára olè tí ó ní agbára láti dá dúró. Viacom béèrè ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́ YouTube ní ọdún 2007, wọ́n sì yanjú rẹ̀ ní ìta kóòtù ní ọdún 2014. Ní ọdún 2023, nínú ẹjọ́ kan tí kì í ṣe ti ẹ̀tọ́ oníṣẹ́, ilé-ẹjọ́ wọn tí ó ga jù lọ sọ pé ẹ̀rọ ìjúwe tí ó ń ṣe sí gbogbo nǹkan bákan náà kò sọ ilé-iṣẹ́ di alábàápín ọ̀daràn.

Lójú tèmi, èrò àwọn ará Beijing ni ó sún mọ́ ti Màlíkì. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kí a máa tẹ̀lé Ṣáínà. Ìjọba ibẹ̀ ń fi ọwọ́ kan náà pa ẹnu àwọn ènìyàn mọ́, ẹni tí ó bá sì fún ẹnikẹ́ni ní àṣẹ láti máa pa gbogbo ohun tí ẹ̀rọ fura sí rẹ́ lè bá ìwáàsù tirẹ̀ nínú ohun tí wọ́n pa rẹ́. Ṣùgbọ́n èrò àwọn ará Luxembourg pé àfi kí ènìyàn mọ fídíò kan pàtó kí ó tó jẹ̀bi, bí ẹni pé al-Bara' ní òun kò mọ oko tí ràkúnmí òun wọ̀ ni. Ànábì kò bi í bóyá ó mọ oko náà.

Ní Nàìjíríà ńkọ́? Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2023 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu Òfin Kọ́píráìtì ti 2022. Òfin yìí ni ó kọ́kọ́ ya apá kan sọ́tọ̀ ní orílẹ̀-èdè wa fún ohun orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó ni iṣẹ́ lè kọ ìwé sí ilé-iṣẹ́ náà. Ilé-iṣẹ́ yóò fi tó ẹni tí ó gbé e síbẹ̀ létí. Bí onítọ̀hún kò bá rí àwíjàre láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, wọn yóò yọ ọ́ kúrò. Ẹni tí ó bá ń ṣe é léraléra, wọn yóò ti ojú-ewé rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí kò mọ̀, tí ó sì yọ nǹkan kúrò nígbà tí wọ́n sọ fún un, kò jẹ̀bi. Òfin náà kò dárúkọ algorithm. Nítorí náà, bóyá ẹni tí ó júwe ohun jíjí yàtọ̀ sí ẹni tí ó kàn tọ́jú rẹ̀, àwọn adájọ́ wa ni yóò sọ. Kì í sì ṣe kóòtù ṣàríà tí ó wà ní Zaria ni yóò gbọ́ ọ, nítorí pé ìwé òfin ọdún 1999 fi ọ̀rọ̀ kọ́píráìtì sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ sì ni ẹjọ́ rẹ̀ ń lọ.

Ohun kan wà nínú òfin wa tí ọ̀pọ̀ Alfa kò mọ̀. Nígbà tí òfin náà ń túmọ̀ iṣẹ́ tí ó ń dáàbò bò, ó dárúkọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìwáàsù. Bí a bá ti kọ ìwáàsù sílẹ̀ tàbí tí a gbà á sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ, ó ti di dúkìá lójú òfin, ẹ̀tọ́ náà sì ń bá a lọ fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tí ó ṣe é. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ: lẹ́yìn ikú. Ìyẹn ni pé ogún ni. Sheikh Auwal Albani, tí àwọn apànìyàn yìnbọn pa pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ ní ìlú wa yìí ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2014, ohùn rẹ̀ ṣì ń jáde lórí fóònù títí di òní. Mi ò sọ pé ẹnikẹ́ni jí i. Mo ń bi yín ni: bí Alfa bá kú tí ó fi ọmọ kéékèèké sílẹ̀, tí ohùn rẹ̀ sì ń pa owó lójoojúmọ́, owó ta ni? Súúrátùn Nísáù, āyah kẹwàá, sọ ohun tí ẹni tí ó ń jẹ owó ọmọ òrukàn lábòsí ń jẹ sínú ikùn rẹ̀. Kò sí ibi tí āyah náà ti yọ ẹni tí ó fi ẹ̀rọ jẹ ẹ́ sílẹ̀.

Ó wá kan àwa náà, nítorí Màlíkì dárúkọ ẹni tí ó gun ẹran. Ìwọ tí o ń darí ẹgbẹ́ WhatsApp kan tí o ń tari fíìmù tí kò tíì kúrò ní sinimá síbẹ̀, ìwọ ni algorithm ẹgbẹ́ náà. Bí ẹ̀rọ bá gbé fídíò tí a gé orúkọ rẹ̀ kúrò síwájú rẹ, tí o sì wò ó dé òpin, o ti kọ́ ẹ̀rọ náà pé kí ó gbé e fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ohun tí o kò mọ̀ kò sí lọ́rùn rẹ; mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ibí lọ kí ó sọ fóònù rẹ̀ sínú kànga. Bí o bá rí i pé iṣẹ́ olóhun ni, wá ojú-ewé ẹni tí ó ni ín gan-an, wò ó níbẹ̀. Ìyẹn náà ń kọ́ ẹ̀rọ.

Ó ku ti ẹgbẹ́ wa. Kámẹ́rà mẹ́ta ni mo rí níwájú mi bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, láìka fóònù. Kò sí ìwé kankan láàárín ẹgbẹ́ àti àwọn Alfa tí ń wá ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún wa tí ó sọ ẹni tí ó ni fídíò. Súúrátùl Bákárà, āyah 282, pa wá láṣẹ láti kọ gbèsè sílẹ̀ kí ìyapa má baà wáyé, irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò sì ju ojú-ìwé kan lọ: orúkọ Alfa, ọjọ́, ẹni tí yóò gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí a ó ṣe pín owó bí owó bá wọlé, àti ẹni tí ẹ̀tọ́ náà yóò bọ́ sí lọ́wọ́ bí Alfa bá kú. Kí akọ̀wé kọ ọ́ kí a tó wọ ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn, kí Alfa tí yóò ṣe ti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ sì fọwọ́ sí i kí a tó tan kámẹ́rà. Fún ti àwọn ọdún tí ó ti kọjá, kí ẹni tí ó bá rí ìwáàsù wa ní ojú-ewé tí kì í ṣe tiwa kọ àdírẹ́sì ojú-ewé náà àti ọjọ́ tí ó rí i sílẹ̀, kí ó mú un wá lẹ́yìn àṣámù. Àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ òfin ní Kongo ti gbà láti bá wa kọ ìwé ẹ̀sùn náà.